Ẹ Yá Orúkọ Ẹ̀yà, Ẹ Dá Orúkọ Ìṣe: Èrò lórí Ìgbéga Oníwọ̀n fún Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Àtijọ́

1. Ìfáàrà

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ti bá ọmọ ènìyàn mu náà ni ó bá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ mu, nítorí pé ẹni tí kò bá wo ilé iṣẹ́ tí a ti ń lo nǹkan kò lè sọ nǹkan náà ní orúkọ tí yóò bá a kalẹ́.

Àríyànjiyàn lórí bí a ó ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá kì í ṣe ti òní. Láti ọdún 1970 tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ni ó ti hàn gbangba pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Ohun tí a kò tíì fi ẹnu kò sí ni ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é. Àwọn kan gbà pé kí a yá gbogbo ọ̀rọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí a kàn fi ohùn Yorùbá pè é. Àwọn mìíràn kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àyálò rárá. Bí wọ́n bá gbọ́ ‘kábúrétọ̀’, wọn a fẹ́ kí a máa pè é ní ‘ohun-èlò tí ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́’.

Èrò tèmi ni pé ìhà méjèèjì ń jà sí ibi tí ogun kò sí. Orúkọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ni kí a yá. Orúkọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ni kí a dá. Ẹ̀yà ẹ̀rọ ṣeé nawọ́ sí. Bí ọmọṣẹ́ kò bá tilẹ̀ mọ ohun tí ‘kábúrétọ̀’ túmọ̀ sí, ọ̀gá rẹ̀ yóò na ìka sí i, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè na ìka sí ipá? Ta ni ó lè gbé ìfúnpọ̀ lé orí tábìlì? Ohun tí ojú kò lè rí, ọ̀rọ̀ nìkan ni a fi ń dì í mú. Bí ọ̀rọ̀ tí a fi dì í mú bá ti da ohun méjì pọ̀, ẹni tí ń lò ó yóò ra ohun tí kò yẹ, yóò sì ba ohun tí ó dára jẹ́.

Kí àlàyé mi má baà jẹ́ ti orí ìwé lásán, n ó fi iṣẹ́ kan ṣoṣo dán an wò: bí ẹni tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́ ṣe lè yan àfikún díẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì àti ẹ́sọ́ọ̀sì rẹ̀, láìsọ ọkọ̀ náà di ohun tí kì í ṣe.

2. Ọkọ̀ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ

Peugeot 504 ni mo mú. Kò sí olùkọ́ kan tí ó ti dàgbà díẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé gbé e jáde. Ní ọdún 1969 ni a fi jẹ oyè Ọkọ̀ Ọdún ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, ọdún kan náà tí ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Sáfárì ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. A kò tò ó mọ́ báyìí, ṣùgbọ́n a ṣì ń rí àwọn tí ń tọ́jú tiwọn bí ẹni ń tọ́jú ohun ìní àtìrandíran.

Òpó mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí a mọ̀ jù ní. Ìbú ihò òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 88, písítìn sì ń rìn mílímítà 81 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀, àyè inú òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì 1,971, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ‘sísí’. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ̀gbẹ́ kan ni àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ̀gbẹ́ kejì ni ohun tí ó ti jó ń gbà jáde. Agbára rẹ̀ pẹ̀lú kábúrétọ̀ kò pé 100 agbára ẹṣin. Ọkọ̀ tí a ṣe fún ọ̀nà gígùn àti ẹrù ni, kì í ṣe ọkọ̀ ìdíje láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ti dé ná. ‘Ògbólógbòó’ kò tọ́ sí irú ọkọ̀ yìí, nítorí ohun tí ó ti gbó ni ó ń tọ́ka sí. ‘Tòkunbọ̀’ kò tọ́ sí i, nítorí ibi tí ọkọ̀ ti wá ni ó ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀. ‘Ọkọ̀ àtijọ́’ ni mo fara mọ́, bí a ti ń sọ ‘àṣà àtijọ́’ láìbu àṣà náà kù.

3. Àtúnṣe yàtọ̀ sí ìgbéga

Bí ènìyàn bá wọ ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì tí ó ní, ‘Ẹ bá mi tún ẹ́ńjìnnì yìí ṣe,’ ohun méjì ni ó lè máa sọ. Ó lè fẹ́ kí a dá ẹ́ńjìnnì padà sí bí ó ti wà nígbà tí ó jáde ní ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Ó sì lè fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ni a fi ń sọ méjèèjì, ibẹ̀ gan-an ni owó sì ti ń ṣòfò.

Mo dábàá pé kí ‘àtúnṣe’ máa jẹ́ ti àkọ́kọ́ nìkan, kí ‘ìgbéga’ sì jẹ́ ti èkejì. Bí ìgbéga náà bá kéré, tí ó sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró, kí a pè é ní ‘ìgbéga oníwọ̀n’. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún ogójì ti pàdánù lára ohun tí a dá mọ́ ọn: ríǹgì písítìn ti jẹ, àlàfo orí fáàfù kò gún mọ́, iná ń tàn pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, afẹ́fẹ́ sì ń jò wọlé ní ìdí kábúrétọ̀. Ẹni tí ó bá ra kábúrétọ̀ tí ó tóbi jù fún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń da omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni. Kí a kọ́kọ́ wọn ìfúnpọ̀ inú òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a rí i pé wọn kò jìnnà sí ara wọn. Kí a tún àlàfo fáàfù ṣe. Kí a fi àsìkò iná sí ibi tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Nígbà púpọ̀, lẹ́yìn àtúnṣe yìí, ẹni tí ó ní ọkọ̀ yóò rí i pé ohun tí òun ń fi ìgbéga wá ti padà wọlé.

Bí a bá ti mọ ìyàtọ̀ náà, a ó tún lè béèrè pé irú ìgbéga wo ni a ń sọ. Fún àpẹẹrẹ, bí a bá yọ kọ́ńtáàtì tí ń fara ra kúrò nínú dísítríbútọ̀, tí a fi ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì dípò rẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì tí ó wà ní ipò dáadáa kò ní yí padà tó bí àwọn olùtajà ti ń wí. Èrè rẹ̀ ni pé àsìkò iná kò ní máa sún kúrò bí kọ́ńtáàtì ṣe ń jẹ. Ìgbéga ìfọkàntán ni, kì í ṣe ìgbéga agbára.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà símú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbóná, ó fẹ̀, ó sì fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó bá gbóná dé 60 dígíríì fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ ìta tí ó jẹ́ 30 dígíríì lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Páípù kan tí ó ń fa afẹ́fẹ́ láti iwájú ọkọ̀, níbi tí iná ẹ́ńjìnnì kò ti yá a, jẹ́ ìgbéga tí kò wọ́n, tí kò sì ba ohunkóhun jẹ́. Ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú bí tiwa, ó yẹ kí a ronú kàn án ṣáájú ohun tí ń dán.

4. Agbára àti ipá ìyí

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti nípọn jù nìyí. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ‘agbára’ ni a fi ń pe ohun tí ó lé ní mẹ́rin. Ọkùnrin tí ó lè gbé àpò sìmẹ́ńtì ní agbára. Ọba ní agbára. Oògùn ní agbára. Iná mànàmáná ní agbára. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀ ní ọjà tàbí ní ilé. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ọ̀rọ̀ kan yìí wọ inú ẹ́ńjìnnì, yóò bo ohun méjì tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo sípánà. Bí nọ́ọ̀tì bá le, tí ọmọṣẹ́ kò lè tú u, kí ni ó máa ń ṣe? Yóò ki páípù bọ ìdí sípánà kí ó lè gùn sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kò le sí i, síbẹ̀ nọ́ọ̀tì yóò yí. Ipá ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ohun tí ó pọ̀ sí i ni ipá náà ní ìlọ́po gígùn sípánà. Èyí ni mo pè ní ‘ipá ìyí’. Bí a bá fi ipá 100 nítọ̀n ti ìdí sípánà tí ó gùn ní ìdajì mítà, ipá ìyí rẹ̀ jẹ́ 50 nítọ̀n-mítà, yálà nọ́ọ̀tì náà yí tàbí kò yí.

Agbára ní tirẹ̀ ń béèrè bí iṣẹ́ náà ti yá tó. James Watt mọ èyí nígbà tí ó fi iṣẹ́ ẹṣin wọn iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún: kì í ṣe bí ẹrù ti wúwo tó nìkan ni ó kà, bí kò ṣe bí ẹrù náà ti lọ sókè tó láàárín ìṣẹ́jú kan. Nínú ẹ́ńjìnnì, bí a bá sọ ipá ìyí di ìlọ́po iye àyípo ní ìṣẹ́jú kan, tí a fi 9,550 pín in, agbára ni yóò jáde ní kìlówáàtì.

Ẹ wo ẹ́ńjìnnì méjì tí mo fi èrò lásán gbé kalẹ̀, kì í ṣe ti ọkọ̀ kan pàtó. Nígbà tí àyípo bá jẹ́ 2,500, ẹ́ńjìnnì kìíní ní ipá ìyí 150, èkejì ní 110. Nígbà tí àyípo bá jẹ́ 5,500, ẹ́ńjìnnì kìíní ní 105, èkejì ní 125. Bí a bá ṣe ìṣirò náà, òkè agbára ẹ́ńjìnnì kejì jẹ́ kìlówáàtì 72, ti ẹ̀kíní sì jẹ́ 60 ó lé díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wo ‘agbára’ nìkan yóò yan èkejì. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá ń gun òkè Ẹfọ̀n Alààyè pẹ̀lú èrò àti ẹrù, tí àyípo wọn wà ní 2,500, ẹ̀kíní ń fi kìlówáàtì 39 ṣiṣẹ́, èkejì kò sì ní ju 29 lọ. Ẹni tí ó fi owó ńlá ra kámúṣáfù tí ń ṣí fáàfù pẹ́, kí òkè agbára lè ga, ni yóò máa yí jíà padà sí kékeré lórí òkè, tí yóò máa ṣe kàyéfì pé ibo ni agbára tí òun rà wà.

Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú ni pé èdè Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ yìí kí àwa onímọ̀ tó dé. Awakọ̀ a máa sọ pé, ‘Ọkọ̀ yìí ń sáré, ṣùgbọ́n kò fà.’ ‘Sáré’ àti ‘fà’: ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, òye méjì. Ohun tí ó kù ni kí a fún òye kejì ní orúkọ. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń lo ‘agbára ìyípo’ fún un. N kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà tún ti agbára wọlé láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lẹ́yìn tí a ti lé e jáde láti iwájú. ‘Ipá ìyí’ kò ní irú àléébù bẹ́ẹ̀.

5. Ẹ́sọ́ọ̀sì: èéfín, àjókù, ìdènà àti ìfàjáde

Gbogbo ohun tí ń jáde ní ìdí ọkọ̀ ni a ń pè ní ‘èéfín’. Bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì bẹtiróò tí ara rẹ̀ dá, tí ó sì ti gbóná dáadáa, kì í yọ èéfín tí ojú lè rí. Ohun tí ń jáde nínú rẹ̀ ni gáàsì tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí epo ti jó. Mo dábàá ‘àjókù’ fún un, kí ‘èéfín’ sì dúró fún èyí tí ojú rí, nítorí pé èéfín jẹ́ àmì àìsàn. Bí ó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù nínú àdàlù; bí ó bá fara jọ aró, ọ́ìlì ń jó; bí ó bá funfun tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ó ṣeé ṣe kí omi máa wọ inú òpó, kí tọ́ọ̀pù gáásíkẹ́ẹ̀tì sì ti jó. Ọkọ̀ tí ń yọ èéfín kò tíì tó ohun tí à ń gbé ga. Àtúnṣe ni ó ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ kejì lágbára jù. Àṣìsọ kan wà tí ó ti tàn káàkiri àwọn tí ń ka ìwé ọkọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹ́ńjìnnì nílò kí ẹ́sọ́ọ̀sì máa ti gáàsì padà díẹ̀ kí ó tó lè fà dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún un ní èdè náà kò jẹ́ kí àṣìṣe náà tètè hàn. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ‘ìdènà’ ní èdè tiwa, kí a wò ó bóyá ẹnikẹ́ni yóò lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé ẹ́ńjìnnì nílò ìdènà. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí ó nílò rẹ̀.

Kí wá ni ó fà á tí ọkọ̀ kì í fi fà mọ́ bí a bá fi páípù ńlá sí i? Ohun mìíràn ni ó sọnù. Nígbà tí àjókù bá ń sáré jáde nínú páípù tí ó mọ níwọ̀n, ìsáré rẹ̀ a máa fa àjókù tí ó kù nínú òpó tẹ̀lé e, a sì máa ran àdàlù tuntun lọ́wọ́ láti wọlé. Èyí ni mo pè ní ‘ìfàjáde’. Bí páípù bá fẹ̀ jù, àjókù yóò rọra máa rìn, ìfàjáde yóò kú nígbà tí àyípo bá kéré, ipá ìyí yóò sì bá a lọ. Nítorí náà, ìgbéga oníwọ̀n fún ẹ́sọ́ọ̀sì kì í ṣe ríra páípù tí ó tóbi jù ní ọjà. Ohun tí ó jẹ́ ni pé kí a dín ìdènà kù láìpa ìfàjáde: kí ìtẹ̀kòrókòró páípù dín, kí ibi tí a jó o pọ̀ má ṣe ní ètè nínú, kí mánífóòdù mú àjókù òpó kọ̀ọ̀kan rìn díẹ̀ kí ó tó pàdé ti ẹnìkejì, kí sàlẹ́ńsà sì jẹ́ èyí tí àjókù lè gbà kọjá láìyà kiri. Kí ìbú páípù fúnra rẹ̀ má ṣe jìnnà sí ti ilé-iṣẹ́.

Ariwo kì í ṣe agbára. Ẹni tí ó bá gé sàlẹ́ńsà kúrò yóò gbọ́ ohùn tuntun, etí rẹ̀ yóò sì jẹ́rìí èké fún un.

Bí ẹ́sọ́ọ̀sì bá ti yí padà, àdàlù lè yí padà pẹ̀lú. Kí epo tó lè jó tán, kìlógíráàmù epo bẹtiróò kan ń fẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́, ibi tí agbára ti ń pọ̀ jù sì wà ní nǹkan bí 12.5 sí 13. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ ọrọ̀ àti ọ̀rọ̀ ìrù sọ èyí, olùtumọ̀ tí kò bá sì ṣọ́ra lè kọ ‘àdàlù olówó’. Yorùbá tí ń po ẹ̀kọ mọ ohun tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀kọ a máa ki, ẹ̀kọ a sì máa ṣàn. Àdàlù tí epo pọ̀ nínú rẹ̀ ki. Èyí tí epo kò tó nínú rẹ̀ ṣàn. Bí a bá yọ págì, tí ẹnu rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò, àdàlù ti ki jù. Bí ó bá funfun bí ẹfun, ó ti ṣàn jù, ooru inú òpó sì lè ga dé ibi tí yóò pa fáàfù lára. Kí a yí jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ padà bí ó bá ti yẹ. Iṣẹ́ yìí jẹ́ ara ìgbéga ẹ́sọ́ọ̀sì, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀.

6. Ìfúnpọ̀, ìbúgbàmù àti nọ́ọ̀kì

Bí písítìn bá gòkè, yóò fún àdàlù pọ̀. Bí àyè tí ó kù lókè bá ti kéré tó ni ìfúnpọ̀ ṣe ga tó. Òpó kan nínú ẹ́ńjìnnì tí a ń sọ gba nǹkan bí sísí 493. Ká ní àyè òkè jẹ́ sísí 65, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 558. Bí a bá fi 65 pín in, ìwọ̀n ìfúnpọ̀ jẹ́ 8.6 sí 1. Bí a bá há orí ẹ́ńjìnnì títí àyè náà fi di 58, ìwọ̀n náà di 9.5 sí 1. Ìfúnpọ̀ tí ó ga díẹ̀ ń mú ipá ìyí pọ̀ ní gbogbo àyípo, kò dà bí kámúṣáfù tí ń fi ìsàlẹ̀ ra òkè. Èyí ni ó mú kí ó wuni.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ níbẹ̀, orúkọ ewu náà sì ni ó ń dààmú wa. Ní ìjóná tí ó tọ́, iná a bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu págì, a sì máa tàn lọ títí yóò fi dé ògiri òpó. Bí ìfúnpọ̀ bá ga jù fún irú epo tí a ní, àdàlù tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò gbiná fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì kan ìlù sí ara písítìn. ‘Ìbúgbàmù’ ni mo pè é. Ohun mìíràn tún wà tí ó jọ ọ́: kí àdàlù gbiná kí págì tó tan iná rárá, nítorí pé ohun kan nínú òpó ti pọ́n bí ẹ̀yinná. ‘Ìgbiná-ṣáájú’ ni kí a máa pe ìyẹn.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ àyálò ti dá wàhálà sílẹ̀. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ‘nọ́ọ̀kì’ ni ìró ìbúgbàmù, ìkìlọ̀ tí a ṣì lè gbọ́ kí a sì dín àsìkò iná padà. Nínú ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì tiwa, ‘ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì’ túmọ̀ sí pé ó ti kú: bẹ́árìn ti bàjẹ́ tàbí ẹ́ńjìnnì ti gan. Ọ̀kan jẹ́ ikọ́, èkejì jẹ́ òkú. Olùkọ́ tí ó bá kà nínú ìwé pé kí a dín àsìkò iná kù bí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì, tí ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọṣẹ́, ó ń sọ fún un pé kí ó fún òkú ní oògùn ikọ́. N kò ní kí a gba ‘nọ́ọ̀kì’ lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì. Kí ó dúró sí ìtumọ̀ tí wọ́n fún un, kí ìkìlọ̀ sì máa jẹ́ ‘ìró ìbúgbàmù’.

Òjé tí wọ́n ń fi sínú epo nígbà tí a ṣe ọkọ̀ yìí ń ran epo lọ́wọ́ láti kọ ìbúgbàmù. Ó jẹ́ májèlé fún ènìyàn, a sì ti yọ ọ́ kúrò: àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà parí iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, Àlùjíríà sì ni ó kẹ́yìn ní gbogbo ayé ní ọdún 2021. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ìfúnpọ̀ ga béèrè irú epo tí ó wà ní ilé epo àdúgbò rẹ̀ lónìí, kí ó má ṣe gbára lé ìwé tí a kọ ní ọdún 1975. Kí ó sì kọ́kọ́ rí i pé rédíétọ̀ àti bíréèkì ọkọ̀ rẹ̀ pé, nítorí pé agbára tí a kò lè tù, tí a kò sì lè dá dúró, kì í ṣe ìgbéga.

7. Àwọn tí yóò takò mí

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé mẹkáníìkì kì í ka ìwé tiwa, nítorí náà asán ni gbogbo làálàá yìí. Ìdáhùn mi ni pé kì í ṣe mẹkáníìkì ni a kọ́kọ́ ń kọ ọ́ fún. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹni tí ń túmọ̀ ìwé atọ́nà, àti ẹni tí ń kọ ìbéèrè ìdánwò ni yóò kọ́kọ́ lò ó. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọṣẹ́ yóò ti gbà á. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì ti ara ‘fà’, ‘ki’, ‘ṣàn’ àti ‘jó’ wá, kò ní ṣe àjèjì sí ọ̀gá tí ń sọ wọ́n lójoojúmọ́.

Àwọn mìíràn yóò béèrè ìdí tí mo fi fi ‘kábúrétọ̀’ àti ‘sàlẹ́ńsà’ sílẹ̀ bí mo bá fẹ́ràn èdè Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé orúkọ wọ̀nyí ni ẹni tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní ọjà mọ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a ta ‘ohun-èlò apariwo-mọ́-ẹnu’ fún òun yóò padà sílé ní ọwọ́ òfo. Èdè tí ó yá orúkọ irin kò pàdánù ohunkóhun. Èdè tí ó yá orúkọ òye láìmọ òye náà ni ó wà nínú gbèsè.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì. Èkíní, kí a má ṣe tẹ ọ̀rọ̀ ìṣe kan jáde láìsọ ọ̀rọ̀ kejì tí ó yẹ kí a yà á sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀: àtúnṣe àti ìgbéga, agbára àti ipá ìyí, èéfín àti àjókù, ìdènà àti ìfàjáde, ìbúgbàmù àti nọ́ọ̀kì. Èkejì, kí ọ̀gá mẹkáníìkì kan, ó kéré tán, máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń dá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, kì í ṣe láti gbọ́ ohun tí a ti pinnu, bí kò ṣe láti sọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀kẹta, kí a máa fi ìbéèrè kan dán ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò kí a tó gbà á wọlé: ìpinnu wo ni ọ̀rọ̀ yìí yóò mú kí ènìyàn ṣe dáadáa, tí kò lè ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀?

Bí ẹni tí ó ní Peugeot 504 bá lè wọ ilé iṣẹ́ tí ó sì ní, ‘Ẹ parí àtúnṣe rẹ̀ ná; lẹ́yìn náà, ẹ bá mi dín ìdènà ẹ́sọ́ọ̀sì rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa ipá ìyí rẹ̀ nísàlẹ̀,’ tí ọ̀gá mẹkáníìkì sì mọ ohun tí ó ń sọ láìjẹ́ pé ẹnì kan la èdè Gẹ̀ẹ́sì sí i, iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í so èso nìyẹn.